Bí Ilé Onítáyà Ardis Ṣe Há Sáàárín Igi Méjì

Tí ẹ bá dé ọgbà ìgbafẹ́ Adágún Sorrel nígbà ooru, èmi lẹ máa kọ́kọ́ rí, torí èmi ni mo ń jókòó sínú ilé kékeré onígíláàsì tó wà lẹ́nu géètì, tí mò ń fún àwọn àlejò ní ìwé tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ojú ọkọ̀. Marlys Tollefsrud lẹ máa rí ṣìkejì, ẹ ò sì ní gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ máa bá a létí ọ̀nà, ọwọ́ méjèèjì ní ìbàdí, tó ń yọjú wo inú ọkọ̀ yín.

"Ajá yín yìí mà rẹwà o," ló máa sọ. "Okùn ọrùn ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà nínú búùtù, Mà."

"Ṣé búùtù ló fẹ́ sá lọ ni?"

Marlys kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìjọba ìpínlẹ̀ kàn fún un ní àyè ìpàgọ́ àkọ́kọ́ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, pé kó máa gbébẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ látìgbà tí yìnyín bá ti yọ́ tán lórí omi títí ewé á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lórí igi. Òun náà á wá máa gbá ilé ìwẹ̀, á máa ta igi ìdáná, á sì máa rán àwọn èèyàn létí òfin. Wọ́n fún un ní ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ ewé kan, kì í sì í bọ́ ọ àfi tó bá fẹ́ sùn. Inú ilé onítáyà kékeré kan ló ń gbé, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ fà kiri. Ó ti gbó, ó rí roboto bí ẹyin, ẹni méjì ò sì lè dúró nínú ẹ̀ kí ọ̀kan má fi ìgbọ̀nwọ́ gún èkejì.

Kó tó di ìgbà yẹn, bọ́ọ̀sì iléèwé ló ń wà nílùú wa títí irun rẹ̀ fi funfun. Kò lọ́kọ, kò bímọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń pe ara rẹ̀ ní àgbà nílùú wa lónìí, títí kan pásítọ̀ ìjọ Lutheran, tí Marlys ò tíì fojú inú dígí bọ́ọ̀sì bá wí rí. Kì í pariwo. Á kàn wo dígí, á pe orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan, á sì dákẹ́. Ìdí rẹ á wálẹ̀ sórí àga fúnra rẹ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ohun tó sọ fún gbogbo èèyàn ni pé òun fẹ́ jókòó sétí omi kí òun má gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ó wá gba iṣẹ́ tó jẹ́ pé ohùn èèyàn ni oúnjẹ ẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́.

"Marlys," ni mo bi í lọ́jọ́ kan, "kí ló dé tí o ò kúkú jókòó sílé ẹ nínú ìlú?"

"Ṣé o rí adágún láti ojú fèrèsé ilé mi nínú ìlú ni?"

Mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn òbí rẹ̀ ní ahéré onípákó kan lápá ìlà-oòrùn adágún yìí. Ibẹ̀ ni Marlys àti Ardis, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ti kọ́ ìwẹ̀ odò, ibẹ̀ ni bàbá wọn ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lu yìnyín kí wọ́n lè fi ìwọ̀ fa ẹja láti abẹ́ ẹ̀ nígbà òtútù. Nígbà tí ìyá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn ọjọ́ ogbó, Ardis kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀, ìyá sì fi ahéré náà sórúkọ rẹ̀. Ìyá kú tán, koríko ò tíì hù dáadáa lórí sàréè, Ardis ta ahéré fún dókítà eléyín kan láti ìlú ńlá. Dókítà wó o. Ó kọ́ ilé onígíláàsì síbẹ̀, ilé gàgàrà tó dà bí ibùdókọ̀ òfuurufú, tó ń tàn yanran lójú omi. Tí ẹ bá dúró létí omi nínú ọgbà wa, kò sí bí ẹ ò ṣe ní rí i. Látìgbà náà, Marlys ò bínú sí àbúrò rẹ̀ létí ẹnikẹ́ni. Kò kàn pè é mọ́ ni. Tí Ardis bá pè é, á ní, "Mo wà dáadáa. Ojú ọjọ́ dáa. Ó dàbọ̀."

Kí n má purọ́, àwọn àlejò ọgbà náà ò jẹ́ kó ráyè banú jẹ́. Ọkùnrin kan wá bi í pé aago mélòó ni wọ́n ń tú àwọn àgbọ̀nrín sílẹ̀. Òmíràn ń gbé búrẹ́dì fún rakúùnù, ẹranko olójú dúdú tó ń jalè nínú àpótí oúnjẹ, nígbà tí rakúùnù wá wọ inú àgọ́ ẹ̀ lọ bá ìyàwó ẹ̀ lórí ibùsùn, ó ní ẹ̀bi Marlys ni. Ọkùnrin kẹta, tó wọ bàtà funfun báláú wá sínú igbó, kan ilẹ̀kùn ẹ̀ láàárọ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó bá àwọn ẹyẹ orí omi sọ̀rọ̀, igbe wọn ò jẹ́ kí ìyàwó òun rí oorun sùn.

"Mo ti bá wọn sọ ọ́," Marlys dá a lóhùn. "Wọ́n ní àwọn ló kọ́kọ́ débí."

Ó wá sọ́dọ̀ mi lẹ́nu géètì, ó gbára lé fèrèsé mi, ó mí kanlẹ̀. "Ọ́fùdà," ló wí, bí àwa ará ibí ṣe máa ń wí tí nǹkan bá ti kọjá sísọ. "Ṣé àwọn èèyàn yìí ò ní ìyá ni?"

Ìyẹn ni bí nǹkan ṣe rí títí di òpin ọ̀sẹ̀ ọdún òmìnira, nínú oṣù Keje, nígbà tí gbogbo ayé máa ń ya wá sétí omi. Láti ọjọ́ Ẹtì, gbogbo àyè ìpàgọ́ ti kún. Mo ti gbé pátákó "Kò sáyè mọ́" síta. Bí mo ṣe jókòó padà báyìí ni òòrùn ṣókùnkùn lójú fèrèsé mi. Mo gbójú sókè. Ilé onítáyà kan ni, ṣùgbọ́n ṣé ilé onítáyà lẹ ń pe ìyẹn? Òpó rédíò wà lórí ẹ̀, àtẹ̀gùn wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ya òkè ńláńlá sí i lára. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń fà á ń mí hẹlẹhẹlẹ. Obìnrin kan yọrí láti ibi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó fi fìlà òdòdó dé irun pupa.

"Ṣé o ò mọ̀ mí mọ́ ni? Ardis ni!"

Mo mọ̀ ọ́n. Duane, ọkọ ẹ̀, ló di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì ṣáájú.

"Ardis! Ṣé Marlys mọ̀ pé ẹ ń bọ̀?"

"Rárá o. Mo fẹ́ bá a lójijì ni. Orúkọ Duane la fi gba àyè sílẹ̀."

Mo sọ nínú ara mi pé yéè. Mo wo gígùn ilé yẹn, mo wo ọ̀nà. "Ẹ gbọ́ o. Ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún, ẹ yípo gba etí omi. Ẹ má gba òsì. Igi páìnì méjì tó wà nítòsí ilé ìwẹ̀ sún mọ́ra jù, irú ilé yín yìí ò lè kọjá."

"Ọwọ́ òsì ńkọ́, ṣé ibẹ̀ kọ́ ni Marlys wà?"

"Ibẹ̀ ni, àmọ́..."

"Duane mọ ọkọ̀ wà," Ardis wí, ó sì ju ọwọ́ sí mi. Wọ́n yà sósì.

Marlys ń gbá ilé ìwẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ìró náà. Ó ní òun rò pé wọ́n ń bó àgbá irin láàyè ni. Ó sáré jáde tòun ti búrọ́ọ̀ṣì tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ohun tó bá níta ni ilé ńlá kan tó ki ara bọ àárín igi páìnì méjì, tí igi òsì há a níhà, tí igi ọ̀tún sì di àtẹ̀gùn ẹ̀ mú. Àbúrò rẹ̀ dúró níwájú ẹ̀, ó ń fọwọ́ júwe ọ̀nà fún Duane.

"Bọ̀! Bọ̀! Ṣì máa bọ̀! Ó tó! Duane, mo ní ó tó!"

Nígbà náà ni Ardis yíjú, tí ó rí ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

"Màmá kékeré!" ló kígbe. Orúkọ tó ń pè é láti kékeré nìyẹn, ọdún méjì péré ló wà láàárín wọn. "O ò retí wa, àbí?"

Marlys wo igi. Ó wo ilé. Ó wo ọkọ̀ tó ti tò sẹ́yìn wọn dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́nu géètì, tí wọ́n ń fun họ́ọ̀nù.

"Ardis," ló wí, ó sì dákẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nínú bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n Ardis nìkan lẹ́ni tí dígí yẹn ò ràn láyé.

"Wá dì mọ́ mi jàre! Kí lo mú lọ́wọ́ yẹn?"

Ẹ ò rí i bí àwọn èèyàn ṣe pé jọ. Àwọn ọkùnrin tó wọ ṣòkòtò ìwẹ̀ jáde látinú omi wá fún Duane nímọ̀ràn. Ọ̀kan ní kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, òmíràn ní kó padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọ̀kan ní kí wọ́n tú atẹ́gùn inú táyà jáde, kí ilé lè rẹlẹ̀. Duane gbọ́ tẹni gbogbo. Bó ṣe ń gbọ́ ni ilé ń há sí i, títí tí kò fi lè lọ síwájú mọ́ tí kò sì lè padà sẹ́yìn. Rolf Haugdahl, ọ̀gá ọgbà, gbé ọkọ̀ dé. Ọmọ tí Marlys fi bọ́ọ̀sì gbé lọ síléèwé rí lòun náà. Ó yí ilé náà po, ó ń họ orí.

"A ò lè gé igi wọ̀nyí, Màámi Marlys. Wọ́n ti wà níbí kí ìlú tó wà. Ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ la máa pè."

"Ó dáa, pè é."

"Mo ti pè é. Awakọ̀ ẹ̀ ti lọ pẹja ní Canada. Ó di ẹ̀yìn ọdún òmìnira."

"Ẹ̀yìn ọdún?"

"Ẹ̀yìn ọdún, Mà. Ẹ bá mi júwe ọ̀nà gba orí koríko fún àwọn ọkọ̀ títí dìgbà yẹn."

Ni Marlys, tó wá sétí omi kó má gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, bá di ẹni tó dúró sínú òòrùn láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì lọ, tó ń na ọwọ́ sí ọkọ̀, tó ń jẹ eruku, tí àwọn aláìmọ̀kan ń bi í léèrè pé ta lòpònú tó há ilé sáàárín igi.

"Àbúrò mi ni," á dá wọn lóhùn. "Ẹ máa lọ."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí òpònú náà ń ṣe. Ardis tẹ́ ẹní sójú títì. Ó gbé àga sílẹ̀, ó gbé ààrò síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan sọ́sééjì àti àgbàdo fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kanrí, ó ti mọ orúkọ ajá gbogbo tó wà nínú ọgbà. Àwọn tó ń fun họ́ọ̀nù mọ́ ọn lánàá ti jókòó tì í, wọ́n ń jẹ sàláàdì pòtétò ẹ̀. Ọkùnrin bàtà funfun gan-an wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín ẹ̀ ń tàn.

"Àbúrò yín mà lọ́yàyà o," ló sọ fún Marlys bó ṣe ń kọjá.

Marlys dé ọ̀dọ̀ mi, ojú ẹ̀ pọ́n bíi tòmátì. "Ọdún mélòó ni mo ti wà níbí? Ṣé ẹnì kan ti sọ fún mi rí pé mo lọ́yàyà?"

Mo wo ilẹ̀. 

"Ó dínà mọ́ gbogbo ọgbà, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀. Èmi ni mò ń fọ tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n ń bi mí léèrè bóyá inú ń bí mi. Inú ò bí mi! Ta ni inú ń bí?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà ni ooru mú kọjá ààlà. Afẹ́fẹ́ dúró. Lápá ìwọ̀-oòrùn, ojú ọ̀run yí sí àwọ̀ ewé bíi ti ọgbẹ́ tó fẹ́ jinná. Ẹni tó bá dàgbà lágbègbè wa mọ ohun tí àwọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Rédíò ọwọ́ mi ké pé ìjì ńlá ń bọ̀, kí gbogbo èèyàn wọlé. Ilé oníbíríkì kan ṣoṣo tó wà nínú ọgbà ni ilé ìwẹ̀. Mo ti fèrèsé mi, mo sáré lọ síbẹ̀. Marlys ti wà létí omi, fèrè lẹ́nu.

"Ẹ jáde nínú omi! Gbogbo yín! Ẹ lọ sílé ìwẹ̀!"

"Mà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹran kaná ni."

"Ìjì ò jẹ ẹran. Ẹ gbéra!"

"Òòrùn ṣì ń ràn, Mà."

"Ẹ wo ẹ̀yìn yín."

Ẹni tó bá wẹ̀yìn ń sáré. Ó kù àwọn ọkùnrin méjì kan tó jókòó sórí pẹ́pẹ́yẹ onírọ́bà ràgàjì kan láàárín omi, wọ́n mu bíà, wọ́n ń kọrin. Marlys fọn fèrè títí, wọn ò gbọ́. Ó wá yọ fèrè lẹ́nu, ó fi ọwọ́ méjèèjì dí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ohùn yẹn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Ẹ̀YIN MÉJÈÈJÌ TẸ́ Ẹ WÀ LẸ́YÌN! Ẹ JÓKÒÓ DÁADÁA, KÍ Ẹ SÌ MÁA WA OMI BỌ̀!"

Wọ́n jókòó dáadáa. Wọ́n fi ọwọ́ wa omi bọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi pàṣán lé.

Nígbà tí a kó gbogbo èèyàn tán sínú ilé ìwẹ̀, tòjò tẹ̀fúùfù ti dé. A fún mọ́ra láàárín ibi ìwẹ̀ àti ibi ìfọwọ́, àwọn ọmọ ń sunkún, ajá ń gbọn omi sí wa lára. Marlys ń wo ojú èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí Duane, tó di àwo sọ́sééjì mú.

"Ardis dà?"

Duane yí ojú ká bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Ṣé kò sí lọ́dọ̀ ẹ ni? Ó ní òun ń lọ mú ẹ wá láti ilé ẹ."

"Ilé mi? Ta ló wà nílé mi? Ṣé kò gbọ́ fèrè mi ni?"

"Ó ní o máa ń bẹ̀rù àrá láti kékeré."

 Marlys ṣílẹ̀kùn. Rolf di ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ẹ̀ mú lẹ́yìn, ẹ̀wù ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, Marlys ti wọnú òjò.

Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi lẹ́yìn náà, Ardis náà sọ tiẹ̀, ohun tí àwọn méjèèjì sì fẹnu kò lé lórí ni mò ń sọ fún yín. Ó ní òun ò rí iwájú òun. Ẹ̀ka igi ń já bọ́ bí ẹni ń sọ̀kò. Nígbà tó dé àyè ìpàgọ́ rẹ̀, igi óákù kan ti wó lu ilé rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ilé roboto bí ẹyin yẹn ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Táyà ẹ̀ kan ń yí lófìfo.

Ó kígbe orúkọ àbúrò ẹ̀. Ó fẹ́ fi ọwọ́ ya páànù. Ó ń ké, "Ardis! Ardis! Dá mi lóhùn!" ó sì ń fa igi tí màlúù ò lè fà.

Ohùn kan jáde láti abẹ́ tábìlì kọnkéré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná.

"Níbo lo wà láti àárọ̀? Mo ti ń pè ẹ́ títí!"

Marlys yíjú. Ardis ló ká jọ sábẹ́ tábìlì, fìlà òdòdó ẹ̀ ti lọ, irun pupa ti lẹ̀ mọ́ ọn lójú, ẹrẹ̀ ti bò ó dé ọrùn.

"Èmi? Èmi níbo ni mo wà? Ìwọ ni kí n bi! Ta ló ní kó o wá mi?"

"Wọlé síbí kí ẹ̀ka tó pa ẹ́!"

Marlys wọ́ wọlé. Tábìlì náà ò gba ẹni méjì tó ti tó ọjọ́ orí wọn. Wọ́n ká orúnkún mọ́ igbáàyà, omi ń ṣàn kọjá lábẹ́ ìdí wọn.  Lẹ́yìn náà, bóyá ẹ̀rù ló fà á, bóyá ìbínú tó ti pẹ́ nínú ni, Marlys sọ ọ́ jáde.

"Lónìí lo wá ń wá mi. Ọjọ́ tí o fẹ́ ta ilé Màmá, o ò wá mi."

 Nígbà tí Ardis máa sọ̀rọ̀, kò pariwo, Marlys ní òun ní láti tẹ́tí kí òun tó gbọ́ ọ nínú òjò.

"Ọjọọjọ́ Sunday lò ń wá. O máa gbé páì dání. Màmá máa rí ẹ, á rẹ́rìn-ín, ẹ máa jẹun, o máa fọ àwo, o máa lọ. Àárọ̀ Monday ńkọ́? Èmi ni mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ Monday. Kò mọ̀ mí. Orúkọ ẹ ló ń pè mí. Á ní, 'Marlys, lé obìnrin yẹn jáde nílé mi,' èmi lobìnrin yẹn. Ó máa ń ti orí àtẹ̀gùn ahéré lọ tààrà sínú omi tòun ti aṣọ àwọ̀sùn, mo sì máa ń wọ inú omi lọ fà á jáde. Orí àtẹ̀gùn yẹn náà ló kú sí, lọ́wọ́ mi. Mi ò lè gorí ẹ̀ mọ́, Marlys. Mi ò lè gùn ún. Bí mo bá rí ẹni tó máa gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ǹ bá ti fún un."

"O lè sọ fún mi."

"O lè bi mí."

Òjò ń rọ̀. Àrá sán, Ardis ló fò, kì í ṣe Marlys.

"Mi ò bẹ̀rù àrá láti kékeré," Marlys wí. "Ìwọ lo máa ń bẹ̀rù àrá. Èmi lo máa ń sá wá bá lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Ó dáa, ká ní èmi ni."

"Ìwọ ni."

"Mo gbọ́."

 Marlys ní òun ń wá ọ̀rọ̀ tí òun máa sọ, pé ó yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, ọ̀rọ̀ tí arábìnrin ń sọ fún arábìnrin nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá jáde lẹ́nu ẹ̀ ni, "Ẹsẹ̀ ẹ wà lórí ẹsẹ̀ mi."

Ardis bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń sunkún, Marlys sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó fọwọ́ gbá a mọ́ra, torí kò síbòmíì tó lè gbọ́wọ́ sí lábẹ́ tábìlì yẹn.

Òjò dá kí oúnjẹ alẹ́ tó tó. Kò sẹ́ni tó farapa. A jáde síta, a rí i pé ìjì ti wó ọ̀kan nínú igi páìnì méjì yẹn, èyí tó wà lápá ọ̀tún. Ilé Ardis ti bọ́! Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí páìnì náà wó sí ni ojú ọ̀nà gan-an, níwájú ọkọ̀ Duane, gbọọrọ. Marlys wò ó, ó gbé ojú sókè ọ̀run bí ẹni tó fẹ́ bi ẹnì kan ní nǹkan.

"Ṣé ó pọndandan ni?"

Àwọn ọkùnrin tó mú ayùn elẹ́ńjìnnì wá nínú ọkọ̀ wọn bọ́ sí i. Àwọn onípẹ́pẹ́yẹ ń kó ẹ̀ka, ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n wo ojú Marlys. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀nà là. Rolf ní kí Duane máa gbé ilé lọ sáyè wọn. Duane ń bá a lọ, Ardis dúró.

"Gbé ẹrù ẹ," ó sọ fún Marlys.

"Ẹrù wo? Ṣé o rí ẹrù?"

"Ó dáa, gbé ara ẹ. Ọ̀dọ̀ wa lo máa sùn. Tó bá di Monday, a jọ ń lọ sílé wa nílùú ńlá nìyẹn. Yàrá wà, fèrèsé wà..."

"Mi ò lọ síbì kankan. Ta ló máa kó ìdọ̀tí yìí? Ta ló máa fọ ilé ìwẹ̀ tí ajá tó pọ̀ tó báyìí ti sùn sí?"

"Èmi."

"Ìwọ kẹ̀?"

Ardis fọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ó fọ̀ ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń kọrin, ó fi ọṣẹ tó yẹ ká fi fọ ilẹ̀ fọ dígí, ó lo gbogbo ọṣẹ tí Marlys ní fún ìyókù oṣù náà. Marlys tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń tún un fọ̀. Mo gbọ́ wọn láti ẹnu géètì.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn!"

"Ó ti mọ́!"

"Ó mọ́ ni? Wo igun yẹn. Wò ó. Kí leléyìí?"

"Igun ni. Gbogbo ilé ló ní igun."

Duane padà sílé lọ́jọ́ Monday, torí iṣẹ́ ń dúró dè é. Ardis ò bá a lọ. Ó fi ilé ńlá náà sílẹ̀ sáyè ìpàgọ́, ó ní òun á wà títí ìjọba á fi rí ibi tí ẹ̀gbọ́n òun máa fi orí lé. Rolf wá ilé onítáyà àtijọ́ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò, kò yára rí i, nígbà tó sì rí i, òórùn eku ló ń rùn. Marlys kó wọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní òórùn eku sàn ju ìhanrun Ardis lọ.

Kí Ardis tó lọ, wọ́n gba ọkọ̀ ojú omi kékeré lọ́wọ́ ọgbà, wọ́n wà á kọjá sápá ìlà-oòrùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ilé onígíláàsì ni wọ́n lọ wò. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ọn, dókítà eléyín jáde sórí pákó ìgúnlẹ̀ rẹ̀ létí omi, ó ń ju ọwọ́ pé àdáni ni ibẹ̀. Marlys ní òun ti pọn ọ̀rọ̀ burúkú sẹ́nu tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tí òun ti ń tò láti gbogbo ọdún yìí wá. Ardis ló ṣáájú òun.

"Ẹ kú ọ̀sán o!" ó kígbe. "Èmi ni mo ta ilẹ̀ fún yín! Ìyá wa ló kú síbi tí ẹ dúró sí yẹn!"

Dókítà wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá fọwọ́ pè wọ́n pé kí wọ́n gúnlẹ̀, ó gbé kọfí wá fún wọn. Marlys mu ún. Ó ní kọfí náà ò dáa, pé ó rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Ardis jókòó ságbègbè ibi tí àtẹ̀gùn wà nígbà kan, Marlys sì jẹ́ kó jókòó pẹ́ bó ṣe fẹ́.

Látìgbà náà, ìgbà ooru kan ò kọjá kí Ardis má wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Marlys gbára lé fèrèsé mi, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé lọ́rùn, ìrora lójú.

"Ó tún ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní òun máa lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọ̀sẹ̀ kan! Ó ń mú àga mẹ́fà bọ̀. Ta ló ń jókòó sórí àga mẹ́fà?"

"Ṣé kí n fún un láyè lápá ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ omi mọ́? Ó jìnnà sí ẹ dáadáa."

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú.

"Kó lọ máa da àwọn ará ibẹ̀ láàmú? Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ? Fi í sí ẹ̀gbẹ́ mi níbẹ̀ jàre, kí n lè máa rí ohun tó ń bà jẹ́."

Ó mí kanlẹ̀, ó sì bá ọ̀nà tiẹ̀ lọ, torí ẹnì kan ti ń pe orúkọ ẹ̀ láti ilé ìwẹ̀ pé omi ò lọ.